Òkété Wọ́ Iṣu Dé Abà

Àlọ́ mi yà sí oko etídò, ó bá Ẹfọ̀n alágbára àti Òkété kékeré níbi tí wọ́n ti ń wa iṣu. Òjò ṣú. Bí odò bá kún kí iṣu tó dé abà lókè, iṣu lọ nìyẹn.

Ẹfọ̀n di tirẹ̀ kún agbọ̀n ńlá, ó gbé òṣùká lérí. Òkété to tirẹ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ, ó so okùn mọ́ ọn.

Ẹfọ̀n ní, "Ọ̀lẹ ló ń wọ́ ẹrù nílẹ̀. Orí la fi ń ru ẹrù."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gbé e rù yín?"

Ẹfọ̀n wò yíká. Ó ti fi gbogbo ará oko ṣẹ̀sín títí wọ́n fi sá fún un.

Òkété ń fà, ó ń kọrin:

Imọ̀ ọ̀pẹ, máa yọ̀ lọ,
*Yọ̀ọ́ yọ̀ọ́, máa yọ̀ lọ.*
Orí ò fọ́, ọrùn ò wọ́,
*Yọ̀ọ́ yọ̀ọ́, máa yọ̀ lọ.*

Ó já iṣu sílẹ̀ ní abà, ó fa imọ̀ padà wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti agbọ̀n yín ṣubú sórí ẹ̀."

Kí òjò tó dé, iṣu àwọn méjèèjì ti wọ abà. Ẹfọ̀n ló fa okùn, òun ló gbe orin jù, òṣùká ṣì wà lórí ẹ̀.