Jíìpù Tàbí Síẹ́nà

Tíṣà kan yí kọ́kọ́rọ́ jíìpù tó fẹ́ rà, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn láìwúkọ́.

"Bàbá Lois, ọmọ márùn-ún la ní," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọkọ̀ Síẹ́nà elérò púpọ̀ tí a rí ní Kábà lánàá ló máa gbà wá."

"Ṣé Síẹ́nà lè sá mọ́ ajínigbé lọ́wọ́ lọ́nà Òkè-Bùkún? Taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà nínú èyí. Ẹ̀mí àwọn ọmọ ni mò ń rà."

Obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ ta jíìpù náà tún dín owó kù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án lónìí."

"Kí ló dé tí ọkọ yín fi ń ta irú ọkọ̀ yìí?" ni Tíṣà bi í.

"Inú rẹ̀ ni àwọn ajínigbé ti fà á jáde níjẹta, lọ́nà yẹn gan-an. Ọ̀la ni wọ́n ní kí n mú owó ìtúsílẹ̀ wá."

Tíṣà pa ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó rẹ̀ ti di ọwọ́ obìnrin náà mú.

"Bàbá Lois, ẹ rà á."