Owó Tó Dọ́gba

Obìnrin jórinjórin kan kò tilẹ̀ kanlẹ̀kùn kó tó já wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wọn ní Toledo.

"Ọ̀gá Hadley, èmi ni mo kọ́ Wendell níṣẹ́. Kí ló dé tó ń gba dọ́là mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní wákàtí kan, témi ń gba méjìlélógún?"

"Ọkùnrin ni. Ó níyàwó àtọmọ tó ń bọ́."

"Èmi ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ lọmọ tèmi ń jẹ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, báńkì fẹ́ gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, agbẹjọ́rò ló kù tí mo máa lọ bá o."

Hadley rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Ó tán. Láti ọjọ́ Ajé, iye kan náà lẹ ó máa gbà."

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. "Ẹ ṣé, ọ̀gá! Ẹ ṣé gan-an ni!"

"Méjìlélógún fún ẹ, méjìlélógún fún Wendell. Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ."

Ó bẹ̀bẹ̀ títí, Hadley kò gbójú sókè mọ́.

Níta, Wendell ọkọ rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ wọn nínú yìnyín, ọmọbìnrin wọn sùn sẹ́yìn. Ó yára sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣó gbà?"

"Ó gbà. Iye kan náà la ó máa gbà."

Wendell hó yèè, ọmọ sì ta jí.

"Dádì, kí ló ń pa Mọ́mì lẹ́kún?"

"Ẹkún ayọ̀ ni," ni Wendell wí.