Àwo Kan fún Gbogbo Ilé

Ohun tó máa ń rí Ìyá Ẹ̀rọ lára jù níbi iṣẹ́ ni ìdérí báírò ọ̀gá. Ọkùnrin náà á fi wa etí, á gbé e sókè wo ohun tó bá a jáde, á sì fi nu abẹ́ tábìlì. Ìyá Ẹ̀rọ ló ń nu tábìlì ọ̀hún. Ọdún méjìlá rèé tó ti ń nu ún, kò sì tíì mọ́ ọn lára.

Elétí-Ajá ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò ń pe ọ̀gá yìí lẹ́yìn, nítorí ó máa ń fọ́nnu pé ohun tí ajá ò gbọ́, òun ń gbọ́ ọ. Ètò rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò mú orin dùùrù kan láti ayé àtijọ́, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́tipẹ́, yóò gbọ́ ọ látọwọ́ atẹdùùrù márùn-ún tó ti ṣe é sínú àwo, yóò sì sọ àwo kan ṣoṣo tó yẹ kó wà nílé oníkálukú. Kí wọ́n má bàa ní ó ń ṣojúsàájú, kì í mọ ti ta ni wọ́n ń gbé sí i. Yàrá kejì ni Ìyá Ẹ̀rọ ti ń lo ẹ̀rọ, wọ́n ta aṣọ bo gíláàsì tó wà láàárín àwọn méjèèjì, nọ́mbà nìkan ló sì ń pè fún un. Tí ọ̀gá bá ti mú ọ̀kan, Ìyá Ẹ̀rọ á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sórí bébà fún un. Wọn kì í dárúkọ àwọn yòókù. Ọ̀gá ní òun kì í dójú ti èèyàn ní gbangba.

Lọ́jọ́ yìí, àwo àbúrò Ìyá Ẹ̀rọ lóbìnrin wà lára márààrún. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà fi ń tẹ orin yẹn kó tó jọ ọ́ lójú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe àwo náà ti sọ fún un pé bí Elétí-Ajá kò bá mú un, àwọn máa fọ́ gbogbo èyí tó kù nílé ìkẹ́rùsí wẹ́wẹ́ ni. Ó wà nílé báyìí níwájú rédíò, kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀.

Ó ti kọ́kọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá fúnra rẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá dá a padà pẹ̀lú lẹ́tà ojú ewé kan gbáko: ọwọ́ rẹ̀ wúwo, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀, kó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ìyá Ẹ̀rọ ka lẹ́tà náà nílé àbúrò rẹ̀. Ó yẹ àwo náà wò níwájú lẹ́yìn. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Kò sọ fún àbúrò rẹ̀. Ó kàn ní kó má sunkún mọ́.

Nígbà tó di aago méjì, ọ̀gá jókòó, ó bó ẹyin sísè, ó sì da èèpo rẹ̀ sínú páálí àwo kan tó wà nítòsí.

"Ó yá, Ìyá Ẹ̀rọ. Gbé ìkíní."

"Nọ́mbà kìíní rèé, sà."

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni orin náà. Jíjẹ tí ọ̀gá ń jẹ ẹyin gba inú gbohùngbohùn wọ etí Ìyá Ẹ̀rọ, pẹ̀lú bó ṣe ń fi ahọ́n wá èyí tó há sí i léyín. Nígbà tí orin parí, ó ní eléyìí ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé.

Ìyá Ẹ̀rọ gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ sókè, ó dúró díẹ̀, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Nọ́mbà kejì, sà."

Orin kò tíì dé ìdajì tí ọ̀gá fi gbá tábìlì.

"Ṣé o ń gbọ́ èémí yẹn? Fìn-ìn, fìn-ìn, bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń tú ẹrẹ̀. Ó kó mi nírìíra. Ẹni tí ò lè kó imú ẹ̀ níjàánu, kí ló ń wá nídìí dùùrù?"

Ìyá Ẹ̀rọ mọ èémí yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò rẹ̀ nígbà tó já bọ́ látorí àtẹ̀gùn tí imú rẹ̀ sì kán, láti ìgbà náà, bó bá ti gbàgbé ara rẹ̀ sídìí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ló máa ń mí. Ó di etí tábìlì mú. Láti ojú ihò tó wà lára aṣọ, ó rí ọ̀gá: pupa ẹyin wà ní igun ẹnu rẹ̀, ìdérí báírò sì ti padà sínú etí.

Ó ní ẹ̀kẹta ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó rẹrù gun òkè. Ó ní ẹ̀kẹrin kò lẹ́jẹ̀ lára, ó gùfẹ̀ sí i, ó sì wo aago. Láti ọdún méjìlá, Ìyá Ẹ̀rọ kò rí i kó mú ìkíní rí.

"Nọ́mbà karùn-ún, sà. Òun ló kẹ́yìn."

Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó jókòó dáadáa, ó di ojú. Nígbà tí orin parí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ìyá Ẹ̀rọ, eléyìí gan-an ni. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń mí sínú orin? Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọ orúkọ sórí bébà, ó sì gbé e lọ fún un. Ọ̀gá fi ìka ẹlẹ́yin gbà á. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó kà á sétí gbogbo ayé: orúkọ àbúrò Ìyá Ẹ̀rọ ni, pẹ̀lú orúkọ bàbá tó bí àwọn méjèèjì. Ó ní ilé tí kò bá ní àwo yìí kò tíì ní nǹkan kan. Ó ní ti ẹnì kan tó ń mí bí ẹlẹ́dẹ̀ nínú wọn, àánú ni kò jẹ́ kóun dárúkọ rẹ̀.

Fóònù Ìyá Ẹ̀rọ ń gbọ̀n nínú àpò. Ó mọ ẹni tó ń pè, àmọ́ ó kọ́kọ́ mú àkísà, ó nu abẹ́ tábìlì, ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ló padà sí yàrá rẹ̀, ó gbé àwo kan ṣoṣo tó wà lórí ẹ̀rọ láti aago méjì kúrò, ó sì kó mẹ́rin yòókù padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n láti ilé iṣẹ́, tẹ́nikẹ́ni ò tíì já.