Apá Dókítà Ọmọ́yẹni

"Ẹ gbé e bí ẹ ṣe máa ń gbé e níbi iṣẹ́ gan-an," ni Dókítà Ọmọ́yẹni wí.

Ó ti wọ ìbọ̀wọ́ gígùn tó dé èjìká ọ̀tún, èyí tí òfin ní kí gbogbo dókítà ìdílé máa wọ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lùwé pé ara òṣìṣẹ́ ti yá. Làsísì bíríkìlà, tó já bọ́ látorí ilé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ èkejì rẹ̀. Ìrora tó bá wà lápá Làsísì, apá dókítà á jẹ nínú rẹ̀.

Èmi nọ́ọ̀sì bi í pé, "Apá ńkọ́?"

"A dúpẹ́." Kí ni Yorùbá tún fẹ́ sọ! Ẹni tí egungun ẹ̀ ṣẹ́ gan-an á ní a dúpẹ́.

Làsísì gbé búlọ́ọ̀kù, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Dókítà tó jókòó ló ń làágùn.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, bọ̀dá Làsísì."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi rọ́pò mi!"

"Ẹ̀rọ ni kó máa gbé búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ògiri ti wọ́. Ẹ máa na okùn tí wọ́n fi ń tọ́ ògiri, kẹ́ ẹ máa pàṣẹ fún un."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kò sì sí ọ̀gá tó lè yí i padà.

Ẹni kẹfà nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí a ṣe ń lọ sídìí mọ́tò, mo ní, "Mà, apá yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́," ni ọ̀gá mi wí. Ọwọ́ òsì ló fi ṣílẹ̀kùn.