Pèrègún Ìsàlẹ̀

Gbogbo ẹbí ń wo ẹnu Timothy.

Láti ìgbà tí Èkìtì ti di ìpínlẹ̀, ilẹ̀ ti gbówó lórí ní Ìkẹ́rẹ́.

Àwọn àgbà dúró nínú oko kòkó, wọ́n ní kó fi ààlà ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ àti ti Bàbá Ebenezer hàn wọ́n.

Ajíbọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń ṣẹ́jú sí i.

Timothy nawọ́.

"Pèrègún ìsàlẹ̀ yẹn ni. Ti òkè yìí, ẹ̀yìn ikú bàbá wa la gbìn ín."

Ọ̀rọ̀ parí. Bàbá Ebenezer gba ilẹ̀ rẹ̀.

"Díákónì, ta lò ń fẹ́ tẹ́ lọ́rùn?" Ajíbọ́lá figbe ta.

"Ọlọ́run ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn! O ò ní igi kòkó kan níbẹ̀. Má yà sí ulé mi mọ́!"

Gbogbo ara Timothy kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Bàbá Ebenezer di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, kí ni mo lè ṣe fún ọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá ń kọ ebè, ẹ má fi ọkọ́ kan ìdí igi obì tó wà láàárín pèrègún méjèèjì yẹn."

"Kí lo gbìn síbẹ̀?"

"N ò gbin nǹkan kan, Bàbá. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan la mọ̀. Ọmọ mi ni mo sin síbẹ̀."