Màmá Harriet Tí Kò Lè Sọ Pé A Ò Ní

Fáàrí ló ba Màmá Harriet jẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé, ó sì ní ọ̀rẹ́ lóríṣiríṣi nílùú Òyìnbó tí wọ́n jọ ń kọ̀wé síra wọn. Nígbà tí Alùfáà Olújìmí fẹ́ lọ wá ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí tí ìjọ ń kọ́ sí Ìtòkú, Màmá ni wọ́n ní kó kọ̀wé ṣáájú rẹ̀. Bí ilé náà bá parí, òun náà ni wọn yóò fi jẹ Ìyá Ìjọ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún wọn,” ni Alùfáà wí. “Ẹ fi fọ́tò ilé tí kò lórùlé yẹn sí i.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, sà.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá mú kálámù, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. “Èmi kẹ̀? Kí n máa ṣagbe? Ọmọ Lísàbi kì í tọrọ jẹ!” Ló bá ń ròyìn dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọmọ ìjọ tó jẹ́ dókítà. Fọ́tò ìkórè ló fi sí i, níbi tí gbogbo wọn ti ń dán nínú léèsì àti wúrà. Kò dárúkọ ilé ìgbẹ̀bí rárá. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Alùfáà dé ìlú Òyìnbó, wọ́n fún un ní tíì. Bó ti wàásù tán, bàbá arúgbó kan dìde. “A ti rí fọ́tò yín, Ọlọ́run ti bù kún yín. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ń jò. Kí lẹ lè fi ràn wá lọ́wọ́?” Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wí ní gbogbo ìjọ tó dé. Ọwọ́ òfo ló gbé wálé.

Nígbà tó ròyìn fún ìjọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n rántí àwọn aboyún tó ń dúró de ilé náà, ẹ̀rín tán. Wọn ò dúró kí ilé parí mọ́, Màmá Priscilla, ìyá mìíràn nínú ìjọ, ni wọ́n fi jẹ Ìyá Ìjọ dípò Màmá Harriet.

Alùfáà ní kí Màmá Harriet tún ìwé kọ, kí Màmá fúnra rẹ̀ sì dúró nínú fọ́tò ilé náà. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dúró sáàárín ilé tí kò lórùlé, gèlè rẹ̀ rin gbingbin, ojú sì tì í gidigidi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé: “A ò ní. Ẹ ràn wá lọ́wọ́.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ẹ̀gbá níyì, èmi náà ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rán níṣẹ́ kò gbọdọ̀ torí iyì ara rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Bí nǹkan bá ń ṣe wá, ẹ jẹ́ ká wí i, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.