Oògùn Tí Àṣàkẹ́ So Mọ́ Etí Ìró

Àṣàkẹ́ ará Ìlá kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe òǹrorò. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ohun tí ayé yóò wí ń bà á lẹ́rù ju ohun tí Ọlọ́run rí lọ. Bí ilé rẹ̀ bá ń jó, yóò kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kí ará àdúgbò má baà rí iná. "Ohun tí a bá fi pamọ́ ló níyì," ni ó máa ń wí, ó sì gbà pé ọgbọ́n ni.

Ohun tí ó fi pamọ́ jù ni wárápá tó ń mú Sàfúrátù, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Láyé ìgbà náà, kí ìdílé ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, wọn a wádìí: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí wárápá? Nítorí èyí ni Àṣàkẹ́ ṣe gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn òyìnbó kan ní ọ̀nà jíjìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró funfun tí yóò máa lò ní alaalẹ́. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé, "Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní oògùn mìíràn níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ fi èyí hàn wọ́n." Àṣàkẹ́ mi orí. Ó so oògùn mọ́ etí ìró, ó sì sọ fún àwọn ará ilé pé ẹbí làwọn lọ kí.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, wárápá kò gbé Sàfúrátù ṣánlẹ̀ mọ́. Ní ọdún kejì tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Jímọ̀, télọ̀ kan ní Ọ̀rà, wá tọrọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún un," Sàfúrátù bẹ̀bẹ̀.

"Kí o sọ kí ni? Kí wọ́n máa bu omi fún ọ nínú ife ọ̀tọ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Nígbà tí àwọn àna wádìí, Àṣàkẹ́ ní ara ọmọ òun le koko. Wọ́n so yìgì. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé oògùn lọ sí Ọ̀rà, bí ẹni tó kàn wá kí ọmọ.

Sàfúrátù bí ọmọkùnrin. Àṣàkẹ́ kó ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó lọ wẹ ọmọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ ìyá ìyàwó. Ṣùgbọ́n oorun dá lójú ìyá ọmọ. Tọ̀sán tòru kò sùn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ìyá Jímọ̀ pọn ọmọ, gbogbo wọn lọ sí dísípẹ́ńsárì, lọ́dọ̀ Ọláníyì tó ń fúnni ní oògùn níbẹ̀.

"Ṣé ó ń lo oògùn kankan tẹ́lẹ̀?" Ọláníyì bi wọ́n. "Oògùn oorun ni mo fẹ́ fún un. Bí irú rẹ̀ bá ti wà lára rẹ̀, méjèèjì á pọ̀ jù fún un."

Sàfúrátù wo ojú ìyá rẹ̀. Àṣàkẹ́ wo Ìyá Jímọ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì.

"Rárá o. Àgbo pàápàá, kò fi ẹnu kàn án."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọláníyì fún wọn ní oògùn oorun, wọ́n gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, Àṣàkẹ́ ṣì lè tún un ṣe. Àmọ́ ó rò ó pé bí òun bá yọ oògùn funfun sílẹ̀, wárápá lè gbé ọmọ òun ṣánlẹ̀ lójú àna. Bí òun bá sì yọ oògùn oorun sílẹ̀, Ìyá Jímọ̀ yóò bèèrè ìdí tí kò fi sùn. Ló bá kó méjèèjì fún un.

"Ìyá, ṣé wọn ò ní bá ara wọn jà?"

"Oògùn àti oògùn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Gbé e mì."

Sàfúrátù gbé e mì, nítorí ìyá rẹ̀ ló ní kó gbé e mì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ìyá rẹ̀ kò mira. Èémí Sàfúrátù ti di tín-ín-rín. Jímọ̀ gbé e sáré lọ bá Ọláníyì.

"Ohun tí mo fún un nìkan kò lè ṣe é báyìí," Ọláníyì wí. "Kí ló tún lò?"

Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá ìyàwó rẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Bí ẹ bá mọ nǹkan kan, ẹ sọ."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àṣàkẹ́ tú etí ìró. Oògùn dà sílẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó wá gba ìtọ́jú. Ìtìjú mú un débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà wọ́n. Ọláníyì ló ṣà wọ́n, tó kó wọ́n lé Jímọ̀ lọ́wọ́, tó sì ní kó gbé aláìsàn wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nítorí pé àwọn dókítà ti mọ ohun tí wọ́n ń bá jà, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n kó tó lajú, omi ọyàn rẹ̀ ti gbẹ, ọyàn ẹlòmíì ni ọmọ rẹ̀ sì ń mu.

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ fún Ìyá Jímọ̀. "Wárápá ni. Mo bẹ̀rù pé ẹ ó lé e."

Ìyá Jímọ̀ dá a lóhùn: "Tìjání, àbúrò ọkọ mi tí ẹ máa ń kí lẹ́nu ọ̀nà wa, wárápá ń mú òun náà. Inú àwo kan ni òun àti Jímọ̀ ti ń jẹun. Torí ká lè mọ̀ la ṣe wádìí, kì í ṣe torí ká lé e. Bí ẹ bá ti sọ ni, à bá jọ máa ṣọ́ ọmọ wa."

Àṣàkẹ́ ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ilẹ̀ kò lanu.

Ara Sàfúrátù yá. Kò bú ìyá rẹ̀, ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ìyá bá gbé wá, ìbáà ṣe ẹ̀kọ, yóò rọra bi í pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀, Ìyá?" Nígbà tí Sàfúrátù bí ọmọ kejì, Àṣàkẹ́ ra ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó jókòó sílé ní Ìlá, ó ń retí ẹni tí yóò wá pè é. Ẹlòmíì ni wọ́n pè láti wẹ ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tó ń gba oògùn níbi méjì, ẹ fi ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ ṣe àríkọ́gbọ́n. Oògùn àti oògùn kì í ṣe ọmọ ìyá. Èyí tó dára lọ́tọ̀ àti èyí tó dára lọ́tọ̀ lè para pọ̀ di májèlé. Ẹni tó ń tọ́jú wa kò rí inú wa, ẹnu wa ló fi ń rí i. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yẹ ká fi irọ́ bò ó. Ẹ̀sín tí Àṣàkẹ́ ń sá fún, òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ etí ìró tó ń gbé e kiri.